Ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́: owó tó tọ́ sí òṣìṣẹ́, àti bí kò ṣe ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́

Tí ẹ̀rọ bá gé òṣìṣẹ́ níka ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Odógunyán, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ. Súfáísọ̀ á sáré dé, wọ́n á fi aṣọ di ọwọ́ náà, wọ́n á gbé e lọ sí ọsibítù tó bá súnmọ́ wọn jù. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹnì kan á ti ọ́fíìsì wá pẹ̀lú owó, bóyá ₦40,000, bóyá ₦50,000, á ní ọ̀gá ní kó fi tọ́jú ara rẹ̀. Àwọn ẹbí á dúpẹ́, ìyá á gbàdúrà fún ọ̀gá. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìka náà kò ṣeé ká mọ́, wọ́n á wá sọ fún un pé kó máa lọ sílé, torí pé káṣúà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìkòròdú gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Kò parí síbẹ̀ rárá. Owó tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí ọsibítù yẹn yàtọ̀ sí owó gbà-má-bìínú tí òfin là kalẹ̀. Ẹni tó ti gba ti àkọ́kọ́ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí èkejì.

Òfin tọ́rọ̀ yìí rọ̀ mọ́ ni Employees' Compensation Act, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Kó tó dìgbà yẹn, Workmen's Compensation Act ni a ń lò. Lábẹ́ òfin àtijọ́ náà, ọ̀gá tàbí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ ló ń sanwó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, owó oṣù 42 ni àwọn tó gbójú lé e yóò gbà. Bí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé, owó oṣù 54 ni. Bí ọ̀gá bá ti kógbá wọlé, tàbí tó sá lọ sí ìlú rẹ̀, òṣìṣẹ́ di ẹni tí ń lépa òjìji.

Ohun tí òfin 2010 ṣe ni pé ó dá àpò kan sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Gbogbo agbanisíṣẹ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, ló gbọ́dọ̀ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà. Ẹ wò ó bí àjọ tó jẹ́ pé ọ̀gá nìkan ló ń dá a, ẹni tó bá farapa ló ń kó o. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 40, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba ₦80,000, ₦3,200,000 ló ń san lóṣù. Ìdá tó máa dá fún NSITF kò ju ₦32,000 lọ. Owó dísù tí jẹnẹrétọ̀ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń mu lọ́jọ́ kan lè ju ìyẹn lọ. Ìdí nìyí tó fi máa ń bí mi nínú tí agbanisíṣẹ́ bá ní agbára òun kò ká a.

Ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó òṣìṣẹ́ fún ìdáwó yìí. Àwọn ènìyàn máa ń da èyí pọ̀ mọ́ owó ìfẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Fún owó ìfẹ̀yìntì, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀gá ń dá 10, nítorí náà ẹ óò rí ìyọkúrò lórí ìwé owó oṣù yín. Ti NSITF kò gbọdọ̀ hàn níbẹ̀ bí ìyọkúrò. Bí ẹ bá rí i, ẹ béèrè. Owó ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí tí òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ rà fún òṣìṣẹ́ tún dá dúró ní tirẹ̀: ìyẹn ń san owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, fún ẹbí ẹni tó bá kú, ì báà jẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló kú sí.

Ta wá ni òfin yìí kà sí òṣìṣẹ́? Ibí yìí ló dùn mí jù, torí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó léwu jù lọ ni wọ́n ti gbà lọ́kàn ara wọn pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n. Òfin náà kò béèrè lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kí ó tó dá ènìyàn mọ̀. Àdéhùn ẹnu lásán ti tó. Ó dárúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ títí lọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ń ṣe ààbọ̀ ọjọ́, káṣúà, ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ẹni tó ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin tó ń ti pákó sẹ́nu ayùn nílé ìlagi wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá ènìyàn ṣe iṣẹ́ ilé ní Agric, tí òróró gbígbóná dà sí lẹ́sẹ̀, wà níbẹ̀. Àwọn sójà nìkan ni òfin yọ sílẹ̀, àwọn náà sì ní ètò tiwọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, bí apẹja ní Ebúté tàbí ọlọ́kadà tó ni máṣíìnì rẹ̀, kò ní agbanisíṣẹ́ tó ń dáwó fún un, nítorí náà ọ̀rọ̀ tiwọn gba àlàyé mìíràn.

Ohun kan tún wà tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló rẹ̀, tó sì gbàgbé ọwọ́ síbi tí kò yẹ, ohun tí NSITF fẹ́ mọ̀ ni bóyá inú iṣẹ́ tàbí nítorí iṣẹ́ ni ìfarapa náà ti wáyé. Nítorí náà, tí súfáísọ̀ bá ní “àìfarabalẹ̀ rẹ ló fà á”, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn lé yín padà sílé.

Ibi iṣẹ́ nìkan kọ́ sì ni òfin wò. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà láti ilé lọ síbi iṣẹ́, àti láti ibi iṣẹ́ padà sílé, wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà ibi tó ti sábà máa ń jẹun àti ibi tó ti ń gba owó iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbéra ní Ìgbógbó láàárọ̀ kùtù, tí ẹ ń wọ BRT gba Mile 12 kọjá, tàbí tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò lọ sí Erékùṣù Èkó, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ọkọ̀ yín bá ní ìjàǹbá ní Májídun nígbà tí ẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ lè ni lójú òfin. Àmọ́ òfin fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ ti mọ̀ nípa ibi tí ẹ ń lọ tàbí tí ẹ ti ń bọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Mélòó nínú wa ló kó kúrò ní Kétu wá sí Ìkòròdú nítorí owó ilé, tí àdírẹ́sì Kétu ṣì wà nínú fáìlì ọ́fíìsì? Ẹ lọ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ìwé kékeré kan ni, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín.

Àìsàn tí iṣẹ́ ń fà tún ṣòroó mú ju ọgbẹ́ lọ, torí kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá dúró ti ẹ̀rọ tó ń pariwo níléeṣẹ́ irin lè máa rò pé ọjọ́ orí ló jẹ́ kí etí òun di. Ẹni tó ń mí eruku sìmẹ́ńtì tàbí ìyẹ̀fun pákó sínú lè máa lo oògùn ikọ́ láti ọdún dé ọdún. Ní Ògìjo tó bá wa pààlà, wọ́n ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú kí wọ́n lè rí òjé inú rẹ̀ tà, àwọn ọmọ Ìkòròdú sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Májèlé ni òjé. Ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa fa inú rírun, orí fífọ́, ìgbàgbé àti àìlókun, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó tún ń tẹ̀lé òṣìṣẹ́ délé lára aṣọ rẹ̀, débi tí ó fi ń wọ ara ọmọ tó bá dì mọ́ ọn. Àjọ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ti fi ìjàǹbá òjé àti dídi tí ariwo ń di ènìyàn létí sínú àkójọ àìsàn tí iṣẹ́ ń fà. Òfin 2010 gba àìsàn iṣẹ́ wọlé, ó gba ti etí wọlé, ó tilẹ̀ gba ìdààmú ọpọlọ tí dókítà bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iṣẹ́ ló fà á. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nílé ìwòsàn ni kí ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà kó tó béèrè, kí ẹ sì rí i pé ó kọ ọ́ sínú káàdì. Bí káàdì bá ní “ikọ́” nìkan, kò sí ohun tó so àìsàn náà mọ́ ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá sì ti kúrò níbẹ̀ kí àìsàn tó fojú hàn, agbanisíṣẹ́ tí ẹ bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn kẹ́yìn ni ẹ óò kọ̀wé sí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìkọ̀wé yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ ti ń sọnù. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi ìjàǹbá náà tó ilé-iṣẹ́ létí, láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ tàbí ọjọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá ti kú, àwọn tó gbójú lé e ló máa ṣe é. Kò pọn dandan kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà. Máníjà ti tó, súfáísọ̀ ti tó, ẹni tó ń tọ́jú àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì ti tó. Ohun mẹ́ta ni òfin ní kó wà nínú rẹ̀: orúkọ òṣìṣẹ́, àkókò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti irú ìfarapa tàbí àìsàn náà pẹ̀lú ohun tó fà á. Ó ní kí ẹ kọ ọ́ lédè ojoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè gírámà. Irú èyí ti tó: “Èmi Lágbájá, mo ń ṣiṣẹ́ òru ní ẹ̀ka ìgé-irin. Lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, bẹ́líìtì ẹ̀rọ fa ọwọ́ ọ̀tún mi, ó sì gé ìka méjì. Làkásègbè àti Tàmẹ̀dò wà níbẹ̀.” Ẹ fi ọjọ́ sí i.

Ẹ lè sọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeé sẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp súfáísọ̀, kí fọ́tò ọgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí pépà pẹ̀lú, kí ẹnì kan bá yín mú un lọ, kó gba ìfọwọ́sí lórí ẹ̀dà kejì. Bí ẹni tó farapa kò bá lè dìde, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè bá a kọ ọ́. Ọjọ́ 14 máa ń tètè lọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Bó bá kọjá, òfin lè dí ọ̀nà, àfi bí àjọ náà bá gbà pé ilé-iṣẹ́ mọ̀ sí ìjàǹbá náà lọ́nà mìíràn, tí ìdádúró kò sì pa á lára. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò àti ẹlẹ́rìí fi ṣe pàtàkì. Àwọn káṣúà, ẹ máa tọ́jú ohunkóhun tó bá fi hàn pé ibẹ̀ lẹ ti ń ṣiṣẹ́: àlẹ́ẹ̀tì báǹkì tó fi owó iṣẹ́ hàn, káàdì geètì, àní fọ́tò yín nínú aṣọ iṣẹ́.

Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi ìjàǹbá náà tó NSITF létí. Bí ẹ̀mí bá lọ sí i, ojú ẹsẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń bẹ̀rù èyí, wọ́n rò pé ẹjọ́ làwọn ń fà bọ ara àwọn lọ́rùn. Òdìkejì rẹ̀ ni. Nígbà tí àpò náà bá ti ń sanwó, òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ tún gbé agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́ láti gba owó mìíràn fún ìfarapa kan náà. NSITF sì máa ń dá owó ìwòsàn padà fún ilé-iṣẹ́ tó bá ti fi owó ara rẹ̀ tọ́jú òṣìṣẹ́, bí rìsíìtì bá pé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì, ẹ sọ èyí fún ọ̀gá yín. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló fa ìjàǹbá, bíi tírélà tó gbá òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà, òṣìṣẹ́ lè yàn bóyá òun yóò gba owó àpò tàbí òun yóò pe ẹni náà lẹ́jọ́. Kó tó yàn, kó kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀.

Ìwé kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Nígbà mìíràn, wọ́n á gbé owó sílẹ̀, wọ́n á ní kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i pé òun ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ òun, pé òun kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Àdéhùn pé òṣìṣẹ́ fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin yìí sílẹ̀, òfo ni. Ẹni tó ti fọwọ́ sí i nítorí pé ebi ń pa ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ilẹ̀kùn ti tì.

Owó náà ńkọ́? Ó kọ́kọ́ ń bo ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ àti ìrànlọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́, títí kan ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ẹni tó pàdánù ẹ̀yà ara kan, ìwọ̀n tí dókítà bá wọn àbùkù náà sí ni wọ́n fi ń ṣírò tirẹ̀. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé ń gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ lóṣooṣù. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tó fi ìyàwó tàbí ọkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 90 náà ni. Bó bá jẹ́ ọmọ kan, ìdá 85 ni. Ti ọmọ ń lọ títí yóò fi pé ọdún 21 tàbí títí yóò fi parí yunifásítì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ jẹ́ ká fi owó sí i. Ọkùnrin tó ń gba ₦100,000 kú, ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ₦4,200,000 ni wọn ì bá gbà lẹ́ẹ̀kan, àwọn mọ̀lẹ́bí ì bá sì ti pín in kí ó tó dé ọ̀dọ̀ opó. Lábẹ́ òfin tòní, ₦90,000 ni lóṣù, àtọdún dọ́dún. Kí oṣù 48 tó pé, ó ti kọjá ti àtijọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan ní Odógunyán, ìròyìn ìgbà náà sì sọ pé ilẹ̀kùn wà ní títì nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, iye wọn kò sì dọ́gba nínú ìròyìn kan sí òmíràn. Mo mẹ́nu bà á torí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kankan, ó ṣòro fún ẹbí rẹ̀ láti fi hàn pé ibẹ̀ ló kú sí. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó tàbí ìyá yín mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín gan-an, orúkọ kọ̀ńtírátọ̀ tó mú yín wọlé, àti nọ́ńbà súfáísọ̀.

Fún owó náà fúnra rẹ̀, fọ́ọ̀mù ìbéèrè gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ NSITF láàárín ọdún kan sí ọjọ́ ìjàǹbá, ọjọ́ ikú, tàbí ọjọ́ tí àìsàn náà sọ ènìyàn di aláìlágbára. Ìwé dókítà, ìwé owó oṣù tàbí sítétímẹ́ǹtì báǹkì, àti ẹ̀dà ìwé tí ẹ kọ sí ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ kó lọ. Opó yóò fi ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ikú àti ìwé ìbí àwọn ọmọ kún un.

Bí ọ̀gá kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF, òun ló rúfin, òṣìṣẹ́ kọ́. Ẹ ṣì kọ ìwé yín láàárín ọjọ́ 14, ẹ mú ẹ̀dà lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì mú òmíràn lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń du kọ̀ńtíráàtì ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń ní ìwé ẹ̀rí NSITF, torí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, “a kò mọ NSITF” kì í ṣe òtítọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá sọ ọ́.

Bí NSITF bá kọ ìbéèrè yín, tàbí tí iye tí wọ́n ṣírò bá kéré sí ohun tó yẹ, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn lẹ óò fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síwájú ìgbìmọ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀. Bí ti ìgbìmọ̀ kò bá tún tẹ́ yín lọ́rùn, National Industrial Court ló kàn, ilé-ẹjọ́ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni wọ́n dìídì dá a sílẹ̀ fún. Ẹ̀ka rẹ̀ ti Èkó wà ní Ìkòyí.